Ẹ̀rọ Tó Ń Fi Ìwé Adìyẹ Lọ Oyèbísí

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Karùn-ún

Wọ́n ń kàwé lónìí láìsí mi. Aago mẹ́rin ni kíláàsì àwa àgbà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Utako, èmi sì jókòó sí ojú fèrèsé ní àjà kẹta níbí ní Kado, l'Abuja, mo ń wo àwọn tó ń gbé ẹja bọ̀ láti ọjà. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ fi orúnkún yìí gun àtẹ̀gùn títí ó fi máa san. Sùnkànmí ọmọ mi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ju bí dókítà ṣe sọ ọ́ lọ. Bí òun àti ìyàwó rẹ̀ bá ti ń lọ síbi iṣẹ́, yóò ti ilẹ̀kùn onírin láti ìta. Ó ní nítorí àwọn olè tó wọ ilé ìsàlẹ̀ ni.

Mo ní, "Bí iná bá wá ń jó ńkọ́?"

Ó ní, "Màmá, ẹ pè mí."

Yóò fò wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Garki nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ Oyèbísí ọmọ rẹ̀. Àfi tí ọmọ náà bá dé láti ilé-ìwé ni atẹ́gùn ìta tó lè kàn mí lára.

Tíṣà Láníyì tó ń kọ́ wa pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Màmá Mùfúlíátù, ẹ má jẹ́ kọ́wọ́ yín rọ o. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Mo ní ṣé ohun kan máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí wọ́n tì pa ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ti Yorùbá ti mọ́ mi lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló kù tí a jọ ń jìjàkadì, òun ló sì ń dá mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Karùn-ún

Ilé-ìwé Oyèbísí fún gbogbo ọmọ SS2 ní tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó dé, ó jù ú sórí àga bí ẹni sọ igi ìdáná kalẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Ìwé ni, Màmá àgbà. Láíbìrì odidi ló wà nínú ẹ̀."

"Láíbìrì odidi, o wá jù ú báyẹn?"

"Ó ti bọ́ọ̀rìn jù, jàre. Àǹtí Hadassah ní ká máa kà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Ó máa ń ka tááìmù. Tó o bá ka ìwé kan tán, á wo bó o ṣe kà á, á wá sọ èyí tó kàn tó o máa fẹ́."

"Ta lò ń pè ní 'o'?"

"Ẹ̀yin, mà. Ẹ máà bínú."

Àwọn ọmọ Abuja. Yorùbá wà ní etí wọn, kò tíì délé ẹnu.

Àǹtí Hadassah yẹn ló ń tọ́jú láíbìrì wọn. Wọ́n ní ó fẹ́ kí àwọn ọmọ fi fóònù sílẹ̀, kí wọ́n di ìwé mú. Ó wá gbé ohun tó dà bí fóònù fún wọn. Ó gbọ́n o. Inú ihò eku là ń dẹ pàkúté sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Karùn-ún

Ojúmọ́ mọ́, ilẹ̀ ṣú, n kò rí ẹnì kankan àyàfi àwọn ará ilé. Nígbà tí Oyèbísí dé, ó wò mí bí mo ṣe ń gbìyànjú láti ka ẹ̀yìn páálí mílíìkì.

Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ̀yin fẹ́ kàwé, ẹ ò ríwèé. Èmi ríwèé, mi ò fẹ́ kà á. Ẹ bá mi kà á, abẹ́g."

"Kí n bá ọ kà á báwo?"

"Ẹ sáà máa ṣí i. Kò mọ ojú ẹni."

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mo mọ̀ pé kì í ṣe irú èyí ni àwọn bàbá wa ń wí. Ṣùgbọ́n mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 21 Oṣù Karùn-ún

Mo ka odidi ìwé kan tán! Ìwé Gẹ̀ẹ́sì! Adìyẹ kan ló ń wá ibi tí yóò yé sí. Ó dé ilé ewúrẹ́, wọ́n lé e. Ó dé ilé ajá, wọ́n lé e. Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé mi, mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà sì pè é sí mi létí, kò bínú, kò kanra bó ti wù kí n tẹ̀ ẹ́ tó. Ojú ewé kan ń gbà mí tó àkókò tí ẹ̀wà fi ń jinná. Mo jó díẹ̀ lórí àga. Orúnkún ní kí n jókòó jẹ́ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 25 Oṣù Karùn-ún

Òjò. Kò síná. Tòmátò ti di wúrà ní Utako, ìyàwó wa ra agbọ̀n tó kéré bí igbá ìmumi, ó ń kanra títí di alẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kẹfà

Ẹ̀rọ yìí mọ̀ mí. Lẹ́yìn adìyẹ, ó mú pẹ́pẹ́yẹ wá. Lẹ́yìn pẹ́pẹ́yẹ, ó mú ewúrẹ́ tó lọ sọ́jà. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ irú èyí tí mo lè gbé. Oyèbísí ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú fóònù rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí n kò rí, inú àwa méjèèjì dùn.

Sùnkànmí yọjú sí wa. "Màmá, ṣé ọmọ yìí ń kàwé tí wọ́n fún un?"

Mo ní, "Ó ń kà á. Lójoojúmọ́."

Ó mi orí, ó lọ. Ẹnu mi yá ju ọkàn mi lọ. Mo tilẹ̀ tún pe Ìyá Ẹgbẹ́ wa, mo fi yangàn fún un pé ọmọ ọmọ mi kì í fi ìwé sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹfà

Iléyá. Wọ́n lọ kírun, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ìró ẹran gbogbo àdúgbò láti ojú fèrèsé. Àyà àgbò ni wọ́n gbé wá fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún wo ìta.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹfà

Ọ̀rọ̀ ti bẹ́ lónìí.

Ilé-ìwé fi èsì ìwé kíkà ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn òbí. Sùnkànmí kò tíì bọ́ bàtà tó fi ké pe ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sà."

"Wọ́n ní bí ọmọ ọdún méje lo ṣe ń kàwé! Wọ́n ní ìwé adìyẹ lo ń kà. Adìyẹ, Oyèbísí! Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ọmọ JSS1 lẹ ó jọ máa jókòó kàwé."

Ìyàwó ní, "Bàbá Oyè, ẹ rọra ná, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀."

"Kí ló fẹ́ sọ? Pẹ́pẹ́yẹ? Màmá, ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé ó ń kàwé."

Ọ̀rọ̀ wà lórí ahọ́n mi. Mo wo Oyèbísí. Ó wo ilẹ̀. Mo ní, "Wọ́n ń kà á nínú ilé yìí." Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ ọ́, mo sì gbé omi mu.

Ó pe Sẹ̀kínátù àbúrò rẹ̀ ní Ìkìrun lójú gbogbo wa. Sẹ̀kínátù ọmọ mi, ọ̀gá ilé-ìwé, ó le ju pàṣán lọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù: "Ẹ gbé e wá tí wọ́n bá ti parí tááàmù. Èmi ni mo máa tún un kàn." Sùnkànmí ní ó parí. Nígbà tí ìsinmi bá dé, ọmọ yóò kó ẹrù rẹ̀, Ìkìrun ni yóò ti parí sẹ́kọ́ńdìrì.

Tó bá lọ, láti àárọ̀ dé alẹ́, èmi àti ilẹ̀kùn onírin la ó jọ máa wo ara wa.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹfà

Oyèbísí dé, kò jẹun. Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi.

"Màmá àgbà, ẹ má sọ o. Tẹ́ ẹ bá sọ, Dádì máa ní mo ṣe màgòmágó."

"Tí n kò bá wá sọ ńkọ́?"

"Á ní olódo ni mí."

"Èwo ló dára nínú méjèèjì?"

"Ìkìrun náà ni méjèèjì."

Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ẹ̀rọ yẹn kò purọ́. Ó wo bí mo ṣe ń kàwé, ó sì rò pé òun rí Oyèbísí. Èmi ni mo jókòó sórí àga ọmọ náà.

Mo ní kó dìde. A ó bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ lọ́nà tí yóò fi gbọ́. Yóò kàwé fúnra rẹ̀, kí ẹ̀rọ náà lè mọ ẹni tó ń bá lò, kí bàbá rẹ̀ tó di ẹrù rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹfà

Àṣé kò rọrùn. Àwọn ìwé ńlá wà níbẹ̀, a ń rí èèpo wọn, ṣùgbọ́n àgádágodo kékeré kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀rọ náà ní agbára ọmọ yìí kò tó wọn. Àfi kó máa gun àkàsọ̀ láti ìsàlẹ̀, kó ka èyí tó wà níwájú rẹ̀, kó dáhùn ìbéèrè ìparí rẹ̀, kí ó tó ṣí òmíràn. Ohun tó sì gbé wá ni àgbébọ̀ tó sọ ọmọ rẹ̀ nù.

Oyèbísí pariwo mọ́ ọn. "Mi ò fẹ́ adìyẹ mọ́! Kai! Adìyẹ mélòó ló wà láyé?"

Ó kà á bí ẹni tí ajá ń lé. Ìwé márùn-ún ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ̀rọ náà gbé ọ̀rọ̀ kan jáde, ó ní kó rọra, pé ó ṣeé ṣe kó máa fo ojú ewé. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ọmọ náà kọ́kọ́ bínú sí mi, lẹ́yìn náà òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ni a rí i pé ìwé tó kù kí a tó dé ibi tí àgádágodo wà kò níye.

Wọ́n tì í mọ́ inú ìwé ọmọdé bí wọ́n ṣe tì mí mọ́ inú ilé. Ọwọ́ tó ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ sì nìyí, ó ń kọ̀wé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹfà

Wọ́n mú un jókòó sáàárín àwọn ọmọ JSS1 lónìí. Ọ̀kan bi í bóyá tíṣà ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kẹfà

Àgádágodo kan ṣí! Ìwé gidi, olójú ewé tó pọ̀. Ọmọbìnrin kan ni, ní ẹ̀bá odò Lọ́kọ́jà, ìyá rẹ̀ ló ń tukọ̀ gbé àwọn ènìyàn sọdá. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ dé, ìyá kò dé. Ọmọ náà wọ inú ọkọ̀, ó gbá àjẹ̀ mú.

N kò lè ka èyí. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ki bí igbó. Oyèbísí ń kà á sókè ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń tàkìtì. Nígbà tó dé ibi tí àwọn ọkùnrin ẹ̀bá odò ti ní obìnrin kò gbọdọ̀ tukọ̀ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, ó pa tábúlẹ́ẹ̀tì.

"Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti pé."

Mo ní, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ó di ọ̀la."

"Oyèbísí, ta ló ń bá àwọn ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀? Ṣé ó fún wọn ní ọkọ̀ náà ni?"

"Màmá àgbà, èmi náà ò mọ̀."

"Wá mọ̀ ọ́n nígbà náà!"

Ó jókòó padà. A ń jà lórí ìwé náà nígbà tí ìyàwó wọlé. Èmi ní ọmọ inú ìwé náà yájú sí àgbà. Òun ní àwọn àgbà náà ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ̀bi. Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ta ni ẹ̀ ń bú?" A ní kò sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kẹfà

Àbámẹ́ta yìí ni wọ́n pe àwọn òbí sí ilé-ìwé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò dìde, yóò dábàá ìwé kan fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Sùnkànmí ní òun yóò lọ. Ó ní kí èmi jókòó sílé, pé orúnkún mi kò lè gbé mi. Mo ní bó bá máa kán, kó kán ní ilé-ìwé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹfà

Ìdí ni mo fi sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀. Mo jókòó sórí ọ̀kan, mo sún sí ìkejì, bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Mukhtar tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń kí mi pẹ̀lẹ́ ní Hausa, "Sànnu, Màmá, sànnu." Sùnkànmí ń wo ọ̀run. Bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀, atẹ́gùn fẹ́ sí mi láyà, mo fẹ́ sunkún, mo bú gèlè mi pé kò wé dáadáa.

Gbọ̀ngàn kún. Àǹtí Hadassah kò ju ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ ọmọ mi lọ, ara rẹ̀ yá, ohùn rẹ̀ dùn. Àwọn ọmọ ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìwé tí mo kà dára gan-an, ẹ lọ kà á, ẹ ṣé." Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á jókòó. Nígbà tó kan àwọn ọmọ JSS1, Oyèbísí dìde láàárín wọn, ó ga bí ọ̀pẹ nínú oko ẹ̀pà. Àwọn kan ń fi ìgúnpá gún ara wọn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ odò náà. Nígbà tó dé ibi tí ọkọ̀ dé tí ìyá kò dé, àwọn tó ń fi ìgúnpá gún ara wọn ti na ọrùn síwájú. Ó sọ bí àwọn ọkùnrin ṣe dúró sí ẹ̀bá odò, ó wá dánu dúró.

Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Ó ní, "Mi ò ní sọ ọ́. Ẹ lọ kà á."

Wọ́n hó. Orí mi wú.

Àǹtí Hadassah wo tábúlẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. "Oyèbísí, ohun tí mo rí níbí ò bá ohun tó o sọ mu rárá. Oṣù kan ni ìwọ fi ka ìwé adìyẹ, o wá sáré ṣí ìwé odò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ta ló sọ ìtàn yìí fún ọ?"

Ọmọ náà wò mí. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí n sọ̀rọ̀, ṣe ló ń mi orí díẹ̀díẹ̀ pé kí n má sọ ọ́. Àwọn èrò gbọ̀ngàn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ó jí ìtàn náà ni.

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo di àga iwájú mú, mo dìde.

"Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Èmi Mùfúlíátù, ìyá bàbá rẹ̀, ni mo ka ìwé adìyẹ. Mo ka ti pẹ́pẹ́yẹ. Èmi ni mo ka ti ewúrẹ́. Ojú ewé kan náà ni mo máa ń wò fún ìgbà pípẹ́, torí Gẹ̀ẹ́sì mi kò tíì dá ṣáká. Òun ló gbé e fún mi nítorí ìmẹ́lẹ́ rẹ̀, mo sì gbà á nítorí ojúkòkòrò mi. Ṣùgbọ́n ti odò, ẹnu rẹ̀ ló fi kà á, etí mi ni mo fi gbọ́ ọ."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Bàbá kan ti ń na ọwọ́ sí mi. Mo dúró títí wọ́n fi rín in tán. Ibi tí mo fẹ́ sá lọ kò sí, orúnkún ò sì lè sáré.

Àǹtí Hadassah kò rín. Ó ní òun yóò pa gbogbo àkọsílẹ̀ tó wà lórúkọ Oyèbísí rẹ́, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní SS2. Ó ní màgòmágó náà sì ní ìjìyà, yóò máa to ìwé láíbìrì títí tí tááàmù yóò fi parí. Oyèbísí ní, "Yẹs, mà."

Nínú ọkọ̀, nígbà tí a kọjá oríta Berger, Sùnkànmí ní, "Ó wá burú ju bí mo ṣe rò lọ. Ó mọ̀ ọ́n kà, kò fẹ́ kà á ni. Ìkìrun kò yẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú, 29 Oṣù Kẹfà

Mo di ẹrù mi.

Kí wọ́n tó jí ni mo ti wà lórí àpótí mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn onírin, mo wé gèlè, mo gbé báàgì lé itan.

Sùnkànmí jáde pẹ̀lú búrọ́ṣì lẹ́nu. "Màmá? Níbo?"

"Ìkìrun. Èmi àti ọmọ yìí la jọ ṣẹ̀. A kì í pín ẹ̀ṣẹ̀ sí méjì kí ẹnìkan ru gbogbo rẹ̀. Ibi tó bá ń lọ, ibẹ̀ ni mò ń lọ."

"Ìsinmi ò tíì dé."

"Mo fẹ́ lọ tún yàrá ṣe sílẹ̀."

Ó yọ búrọ́ṣì. "Màmá, ẹ mọ ohun tí wọ́n máa sọ nílé. Pé Dáódù, àkọ́bí ọkùnrin, lé ìyá rẹ̀ jáde ní Abuja, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló gbà á sílé."

"Èmi ò rán wọn pé kí wọ́n sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá bi mí, màá ní ó ń tọ́jú mi dáadáa, ó kàn ń tilẹ̀kùn mọ́ mi ni."

Ìyàwó wọ kíṣìnnì lọ kíákíá. Mo gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sínú ìkòkò.

Sùnkànmí pe Sẹ̀kínátù, ó rò pé yóò bá òun dá mi lẹ́kun. Sẹ̀kínátù ní, "Ẹ gbé wọn wá àwọn méjèèjì. Inú mi á dùn. Mo ti ń sọ fún àwọn ẹbí pé Màmá ò gbádùn ibẹ̀ yẹn." Mo mọ ọmọ tí mo bí. Sùnkànmí pa fóònù náà bí ẹni pé ó gbóná.

Títí di ọ̀sán ni mo jókòó síbẹ̀. Sùnkànmí kọjá, ó tún kọjá. Oyèbísí gbé oúnjẹ wá, ó jókòó tì mí lórí ilẹ̀ pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àsárì, Sùnkànmí wá dúró níwájú wa.

"Ẹ dìde níbẹ̀, Màmá. Kò lọ mọ́." Ó na ìka sí ọmọ náà. "Ṣùgbọ́n màá máa bi ọ́ léèrè. Ohun tó o bá kà, ẹnu rẹ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ, kì í ṣe ti ẹ̀rọ, kì í ṣe ti Màmá."

"Yẹs, sà."

Mo fi ọwọ́ lé èjìká Oyèbísí dìde.

Ọjọ́ Ajé, 30 Oṣù Kẹfà

Wọ́n lọ síbi iṣẹ́. Sùnkànmí ti ilẹ̀kùn náà ṣá.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Keje

Òjò láti àárọ̀. Mo se ẹ̀wà. Ìkòkò náà wúwo, ó ń hó, mo ké sí Oyèbísí ní pálọ̀ pé kó wá bá mi sọ ọ́ kalẹ̀.

Ó ní, "Ẹ dúró ná, Màmá àgbà."

Mo rò pé etí mi ló gbọ́ òdì. Ní Ìkìrun, ọmọ tí àgbà pè tó ní kó dúró ná, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Mo mú ṣíbí onígi, mo jáde sí i.

Ó na gbalaja sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, tábúlẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rẹ̀ ti pé láti ọ̀sán, mo rí i nígbà tó ń kà á. Ìwé yìí kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ náà gbé fún un. Ameen, ọmọ kíláàsì wọn, ló fi orúkọ ìwé náà ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù, wọ́n sì ti ń bú ara wọn lórí rẹ̀ láti àná. Ètè rẹ̀ ń mì. Kò mọ̀ pé mo dúró.

Mo padà sí kíṣìnnì ní ẹsẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo fi aṣọ mú etí ìkòkò náà, mo sọ ọ́ kalẹ̀ fúnra mi.